Omi Tí A Fi Sílẹ̀ fún Odò: Ta Ni Yóò Jẹ́rìí Sí I?

Nínú ìwé ìròyìn wa tí ó kọjá, a kọ àpilẹ̀kọ kan nípa omi tí àwọn àjọ tí ń bójú tó odò máa ń yà sọ́tọ̀, tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà sí oko tàbí sí ilé iṣẹ́, kí odò fúnra rẹ̀, ẹja inú rẹ̀ àti irà etí rẹ̀ má baà kú. Lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó béèrè nípa ẹja tàbí nípa igi. Ohun tí ó jẹ àwọn òǹkàwé lógún jù ni bóyá àwọn tí kọ́kọ́rọ́ dáàmù wà lọ́wọ́ wọn ṣeé fọkàn tán. A yan márùn-ún nínú àwọn lẹ́tà náà, a gé wọn kúrú, a sì dáhùn wọn bí agbára wa ti mọ.

Olóòtú mi ọ̀wọ́n, àgbẹ̀ ni mí, omi odò ni mo sì fi ń rin oko mi láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n dín iye omi tí mo lẹ́tọ̀ọ́ láti fà kù, wọ́n ní odò ni yóò ni ìyókù. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe oko ẹlòmíràn tí ó tóbi ju tèmi lọ ni omi tí mo fi sílẹ̀ ń lọ? – Àgbẹ̀ etí odò

Ìbéèrè yín ni ó yẹ kí ó ṣíwájú, nítorí pé lórí rẹ̀ ni ti àwọn yòókù dúró. Ẹni tí ó bá yọ̀ǹda ohun ìní rẹ̀ nítorí ire gbogbo ènìyàn kò ṣẹ̀ bí ó bá ní kí wọ́n fi ibi tí ohun náà dé han òun, àjọ tí ó bá sì ka irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sí àfojúdi ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́.

Omi kò dà bí owó tí a tì mọ́ inú àpótí. Bí wọ́n bá ṣí ẹnu dáàmù, omi tí wọ́n tú sílẹ̀ fún odò àti omi tí wọ́n tú sílẹ̀ fún oko yóò jọ gba ojú ọ̀nà kan náà lọ ni, kò sì sí àwọ̀ tí ènìyàn lè fi dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Iyanrìn yóò mu díẹ̀, oòrùn yóò lá díẹ̀, ẹ̀rọ yóò fa díẹ̀. Ìwọ̀n nìkan ni ó lè jẹ́rìí: iye tí ó jáde láti ẹnu dáàmù, iye tí ẹ̀rọ oko kọ̀ọ̀kan fà, àti iye tí ó dé ìsàlẹ̀ odò lọ́hùn-ún. Bí a bá ti yọ ti iyanrìn àti ti oòrùn kúrò, tí ìṣirò náà kò sì tíì bára mu, a jẹ́ pé ẹnì kan ti fa omi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní agbègbè odò Murray àti Darling ní Ọsirélíà yóò yé yín ju bí yóò ṣe yé ẹni tí kò ṣe àgbẹ̀ rí lọ. Òfin omi tí ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ ṣe ní ọdún 2007 dá ipò aláṣẹ kan sílẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa di ẹ̀tọ́ omi mú ní orúkọ àyíká, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ṣe ń di tirẹ̀ mú. Ní 2012, wọ́n fọwọ́ sí ètò kan tí ó ní kí a gba 2,750 bílíọ̀nù lítà omi lọ́dọọdún padà fún odò. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ta ẹ̀tọ́ wọn fún ìjọba. Nígbà tí ó di oṣù Keje ọdún 2017, ètò ìwádìí kan lórí tẹlifíṣọ̀n gbé e jáde pé àwọn kan ní apá òkè odò Barwon àti Darling ń fa omi tí kò tọ́ sí wọn, àti pé àwọn tí ó yẹ kí wọ́n dá wọn lẹ́kun kò kọbi ara sí i. Àwọn ìwádìí tí ìjọba ní kí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé ìṣọ́ kò múná rárá, àti pé kò sí mítà lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ń fa omi. Ẹ wo bí yóò ti rí lára ẹni tí ó ti pa òfin mọ́ láti ọdún yìí wá, tí ó jókòó sílé tí ó ń wo irú ètò bẹ́ẹ̀.

Àtúnṣe tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fi ojú sí. Ìpínlẹ̀ New South Wales dá àjọ kan sílẹ̀ ní 2018 tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa rí i pé a pa òfin omi mọ́, tí ó sì ń gbé ẹni tí ó bá rú u lọ sí ilé ẹjọ́. Ìjọba àpapọ̀ dá ọ̀gá olùṣọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2021. Lójú tèmi, ìyẹn ju gbogbo ìkéde tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé ẹni tí ń pín omi kò yẹ kí òun kan náà máa ṣọ́ ọ, kí òun náà sì tún máa sọ fún aráyé pé òun pín in dáadáa.

Nítorí náà, ẹ kọ ìwé sí àjọ yín, kí ẹ̀yin àti àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ yín jọ fọwọ́ sí i, kí ẹ béèrè bóyá mítà wà lórí ẹ̀rọ gbogbo oko ńlá, ta ni ń ka mítà náà, àti ibi tí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ti lè rí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ̀yin náà lè bẹ̀rẹ̀ láti etí odò. Ní ọ̀pọ̀ ibi, pátákó ìwọ̀n kan máa ń dúró nínú omi, funfun báláú, tí nọ́ńbà dúdú tò lára rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè ní sẹ̀ǹtímítà sí sẹ̀ǹtímítà. Ẹrẹ̀ a máa bo nọ́ńbà ìsàlẹ̀, koríko tí omi ń gbé lọ a sì máa há sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá ti mọ nọ́ńbà kà lè kà á láti orí bèbè. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé ní àárọ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i, kí ẹ sì fi wé èyí tí àjọ náà gbé jáde. Bí méjèèjì bá ń bára mu lóṣù mẹ́ta, ọkàn yín yóò balẹ̀ díẹ̀. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ ti ní ohun tí ẹ lè gbé sí orí tábìlì láìpariwo.

Ẹ̀yin Olóòtú, ṣé kò jẹ́ òfò ni kí omi tí ó dára máa ṣàn lọ sínú òkun, nígbà tí ọ̀dá ń pa oko? – Òǹkàwé tí kò fẹ́ òfò

Kì í ṣe òfò. Bí odò kò bá ní agbára tó láti ti òkun padà ní ẹnu rẹ̀, iyọ̀ yóò gun òkè wá bá kànga àti oko àwọn tí ń gbé ní ìsàlẹ̀, iyanrìn yóò sì dí ẹnu odò pa. Ẹnu odò Murray ti dí débi pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń wa iyanrìn ibẹ̀ kí omi lè rí ọ̀nà jáde, owó ìlú ni ó sì ń lọ sí i. Ọ̀pọ̀ ẹja pẹ̀lú wà tí wọn kò lè dàgbà láìjẹ́ pé wọ́n lọ láti odò sí òkun tàbí láti òkun sí odò. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá àjọ odò jiyàn lórí iye omi tí ó yẹ kí ó dé òkun ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe gbàgbé pé àwọn ènìyàn wà ní ìsàlẹ̀ náà.

Olóòtú ọ̀wọ́n, apẹja ni bàbá mi, èmi náà sì ń pẹja. Lẹ́yìn tí wọ́n tú omi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹja kú lọ rẹpẹtẹ. Wọ́n ní bí Ọlọ́run ṣe ṣe é ni, pé kò sí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀. Ṣé kí a gbà? – Apẹja

Ẹ kú àjálù náà. Ẹ má gbà á, kí ẹ má sì kọ̀ ọ́, títí wọn yóò fi fi ìṣirò hàn yín.

Ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ rèé. Bí ọ̀dá bá pẹ́, ewé gbígbẹ a máa kó jọ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ etí odò. Nígbà tí omi bá tún gun orí rẹ̀, àwọn ewé náà yóò rẹ, omi yóò pọ́n bíi tíì tí a sè jù, àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń jẹ ewé jíjẹrà yóò sì pọ̀ lójijì, wọn yóò sì lo ọ́síjìn inú omi tán. Ẹ̀yin apẹja lẹ máa ń kọ́kọ́ rí i: ẹja ń yánu lójú omi ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, edé ńlá sì ń rákò jáde sórí ilẹ̀ gbígbẹ bí ẹni pé ilé ń jó. Ó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òjò tí ẹnikẹ́ni kò rọ̀, ó sì lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn omi tí wọ́n fi ọwọ́ tú. Ó sì tún wà níbẹ̀ pé omi tí ó bá ti ìsàlẹ̀ dáàmù tí ó jìn jáde a máa tutù nini, àwọn ẹja tí ń dúró de ooru omi kí wọ́n tó yé kò ní yé.

Nítorí náà, ìdáhùn tí wọ́n fún yín lè jẹ́ òtítọ́ lápá kan. Ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé wọ́n fẹ́ kí ẹ gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ béèrè iye ọ́síjìn tí wọ́n wọ̀n nínú omi náà kí wọ́n tó tú u, nígbà tí wọ́n ń tú u, àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ béèrè wákàtí tí wọ́n wọ̀n ọ́n pẹ̀lú, nítorí pé ní ọ̀sán, àwọn ewé inú omi ń tú ọ́síjìn jáde, tí ó bá sì di òru, gbogbo ohun ẹlẹ́mìí inú omi ni yóò máa lò ó láìsí èyí tí ń dá a padà, tí ó fi jẹ́ pé kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó máa ń lọ sílẹ̀ jù. Àjọ tí ó bá ń wọn omi ní aago méjì ọ̀sán nìkan lè kọ nọ́ńbà tí ó dára sínú ìwé nígbà tí ẹja ń kú ní òru.

Ní ìlú Menindee, lórí odò Darling kan náà tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, ẹja tí ó pọ̀ gan-an kú ní ìparí ọdún 2018 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2019. Ọ̀dá ni àwọn aláṣẹ kan kọ́kọ́ tọ́ka sí, ọ̀dá sì wà lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tí ẹgbẹ́ àgbà àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì orílẹ̀-èdè náà yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n sọ ní gbangba pé omi tí wọ́n ń fà ní òkè odò ti pọ̀ jù, tí odò kò fi ní ohun tí yóò fi la ọ̀dá já. Irú àwọn ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀, tí kì í ṣe àjọ odò ni ó ń san owó oṣù wọn, ni kí ẹ bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ sì tọ́jú ìrántí tiyín náà, ọjọ́ tí ẹ rí i, ibi tí ẹ ti rí i, irú ẹja tí ó kú àti bí ó ti tóbi tó, nítorí pé nígbà tí olùwádìí yóò bá fi dé, ẹja náà yóò ti jẹrà tàbí kí omi ti gbé e lọ.

Ẹ̀yin ará mi, ìyá àgbà ni mí ní àdúgbò kan tí ó wà ní ẹ̀bá odò. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìgbìmọ̀ odò, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ àti àwọn olóko ńlá ni wọ́n ń pè. Kò sí ẹni tí ó bi wá léèrè ohun kan rí. Ṣé àwa náà ní nǹkan láti sọ? – Ìyá àgbà

Ìyá wa, ẹ ní i, ó sì pọ̀. Onímọ̀ ẹ̀rọ mọ bí omi ṣe ń jáde láti ẹnu dáàmù, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ mọ oṣù tí omi máa ń gun irà ní àtijọ́, ibi tí ẹja ń yé sí, àti bí àwọn ewébẹ̀ etí omi ṣe ń dàgbà sí lẹ́yìn tí omi bá fà.

Àwọn tí ń gbé ní etí odò Sẹ̀nẹ̀gà gbé irú ìrírí bẹ́ẹ̀ débi tí a fi kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn. Láti ayébáyé ni wọ́n ti ń gbin ọkà sórí ilẹ̀ tí omi bá ti bò, tí ó sì ti fà sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n parí dáàmù Manantali ní Mali ní 1988, ìkún omi ọdọọdún kò wá bí ó ti ń wá mọ́ àfi bí àwọn tí ń ṣàkóso dáàmù bá tú u sílẹ̀, iná mànàmáná sì tún ń du omi kan náà. Ìwé àdéhùn omi tí Mali, Mauritania àti Sẹ̀nẹ̀gà jọ ṣe ní 2002 ka ìkún omi àfọwọ́ṣe yẹn mọ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣètò omi fún. N kò sọ pé gbogbo ọdún ni omi náà ń tó àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá tó, wọ́n ní ìwé tí wọ́n lè ṣí, kí wọ́n fi ìka sí ibi tí ó wà.

Ní New Zealand, òfin kan ní ọdún 2017 sọ odò Whanganui di ẹni tí ó lè pe ẹjọ́, tí a sì lè pè lẹ́jọ́, wọ́n sì yan ènìyàn méjì láti máa gbẹnu sọ fún un, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìjọba, èkejì láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀yà Māori tí wọ́n ti ń jà fún odò náà láti ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ohun tí ó wù mí nínú rẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì jókòó ní ọgbọọgba. Wọn kò pe ọmọ onílẹ̀ wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kí ó kàn máa wòran. Bí àjọ tiyín bá ní àwọn ń pè yín, ẹ béèrè bóyá ohùn yín á wà nínú ìbò, tàbí nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn tí ó wá nìkan.

Ẹ̀yin Olóòtú, òṣìṣẹ́ àjọ odò kan ni mí, ní orúkọ ara mi nìkan ni mo sì ń kọ̀wé. A ń ṣe iṣẹ́ wa tọkàntọkàn. A ti kéde lórí rédíò, a ti lẹ ìwé mọ́ ògiri, a ti pe ìpàdé, síbẹ̀ ariwo ni àwọn aráàlú ń pa lé wa lórí. Kí ni a kò tíì ṣe? – Òṣìṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń dùn

Mo gbà pé tọkàntọkàn ni, ọ̀rọ̀ yín sì dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ tún àwọn nǹkan tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn wò: rédíò, ìwé ògiri, ìpàdé. Ẹ̀yin ni ẹ ń sọ̀rọ̀ nínú gbogbo wọn. Bí ẹ bá ti mú ọjọ́ tí ẹ máa ṣí omi kí ẹ tó pe ìpàdé, ìfilọ̀ ni ẹ ṣe, aráàlú sì mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ìfikùnlukùn. Òfin omi tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe ní ọdún 2000 ní kí a fún aráàlú ní oṣù mẹ́fà ó kéré tán láti fi kọ èrò wọn lórí ètò odò kí ó tó di èyí tí a fọwọ́ sí. Oṣù mẹ́fà gùn lójú òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ń lé, ṣùgbọ́n kò gùn fún ẹni tí oúnjẹ ọdún rẹ̀ wà lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ wo wákàtí tí ẹ ń pe ìpàdé sí pẹ̀lú: bí ó bá jẹ́ aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, apẹja ṣì wà lórí omi, àgbẹ̀ ṣì wà lóko.

Èyí tí mo rò pé ó ṣe kókó jù ni pé kí ẹ kọ ohun tí ẹ ń retí sílẹ̀ kí ẹ tó tú omi, kí ẹ sì padà wá sọ bí ó ti rí, ìbáà dára, ìbáà burú. Ní 1996, àwọn tí ń ṣàkóso dáàmù Glen Canyon lórí odò Colorado ní Amẹ́ríkà tú omi ńlá sílẹ̀ fún ọjọ́ méje, kí iyanrìn lè padà gun bèbè odò. Iyanrìn náà gun bèbè lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí omi fi tún fọ púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Wọn kò bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ jáde pé iyanrìn tí ó wà nílẹ̀ kò tó, nígbà tí wọ́n sì tún un ṣe ní 2004 àti 2008, wọ́n dúró di ìgbà tí odò kékeré kan tí ó ń wọ inú rẹ̀ ti gbé iyanrìn tuntun wá.

Ní ìsàlẹ̀ odò kan náà, Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò jọ tú nǹkan bí 130 bílíọ̀nù lítà sí ojú odò tí ó ti gbẹ, láti ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹta sí ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Karùn-ún ọdún 2014. Àwọn ará ìlú San Luis Río Colorado jáde wá bá omi lórí iyanrìn, àwọn ọmọdé ń ṣeré nínú odò tí wọn kò rí omi nínú rẹ̀ rí, ní oṣù Karùn-ún náà sì ni omi kan òkun. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, púpọ̀ nínú omi náà ti rì sínú iyanrìn kí ó tó dé ibi tí igi wà. Wọ́n gbé ìṣirò náà jáde. Nígbà tí ó di 2021, ipa omi tí wọ́n gbẹ́ fún oko ni wọ́n fi gbé omi odò gba ẹ̀yìn ibi gbígbẹ náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gbin igi. Ẹni tí ó bá ka méjèèjì pọ̀ yóò rí i pé àwọn wọ̀nyí gbọ́ ohun tí odò sọ fún wọn, wọ́n sì yí ọwọ́ padà.

Nítorí náà, ní ìpàdé yín tí ń bọ̀, ẹ má tíì mẹ́nu ba ètò ọdún yìí. Ẹ mú ìwé ohun tí ẹ ṣèlérí lọ́dún tí ó kọjá, ẹ kà á sókè láti òkè dé ilẹ̀ ní èdè tí gbogbo ilé gbọ́, kí ẹ sọ èyí tí ó ṣẹ àti èyí tí kò ṣẹ pẹ̀lú ìṣirò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé gbohùngbohùn fún ẹni tí ó máa ń pariwo jù, kí ẹ jókòó, kí ẹ sì kọ ohun tí ó bá sọ sílẹ̀ níṣojú rẹ̀.